Fótò Ìbejì Inú Ìwé Ìpànìyàn

Inú ọ̀rá tí wọ́n bá a di ata rodo sí ní ọjà Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Alhaja gbé ìwé náà sí wá bá mi. Ó fi ìborùn àtijọ́ kan wé e, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìdáná mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ó pẹ́ kí òórùn ata tó kúrò lára ìwé náà. Mo sọ fún un pé ata àti ìwé kì í jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé mo máa rí nǹkan báwí kí òun tó jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi ni Alhaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa, tí ó sì ń pè mí ní Mummy. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi níbẹ̀, òun ni ó máa ń wá bi mí ní Yorùbá bóyá mo ti jẹun, tí ó sì máa ń mọ̀ tí mo bá purọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá mi ṣọdún Kérésì, tí èmi náà ń jẹ ẹran iléyá rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí ó bá ti kírun tán, ó máa ń pè mí lórí fóònù láti ro ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín ọ̀sẹ̀ fún mi.

Ìdí tí ó fi gbé ìwé náà wá sọ́dọ̀ mi ni pé èmi ni mò ń yẹ ìwé wò fún ẹgbẹ́ wa. Àwa kan tí a ti fẹ̀yìn tì ní Peckham àti àyíká rẹ̀ ní yàrá ìkàwé kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn kan ní Nunhead. Ibi tí wọ́n ń kó àga sí ni tẹ́lẹ̀. A kùn ún, a ra kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé nípa ilẹ̀ wa jọ kí wọ́n má baà parẹ́ sínú gáréèjì àwọn ọmọ wa. Tí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá, èmi ni mo máa kà á, tí mo máa sọ bóyá ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ tàbí kí a dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Wọ́n ní tíṣà ni mí, iṣẹ́ mi ni.

Òfin tí mo ṣe kò pọ̀. A kì í ká etí ìwé. A kì í gbé ife tíì lé ìwé. Èyí tí mo le koko lórí rẹ̀ jù ni pé a kì í kọ ohunkóhun sínú ìwé ẹgbẹ́, ì báà ṣe báírò, ì báà ṣe pẹ́ńsùlù. Nígbà kan, àgbà ọkùnrin kan nínú wa fi báírò tún ọ̀rọ̀ kan tí kò tọ́ ṣe nínú ìwé ìtàn ìlú rẹ̀. Òótọ́ ni ohun tí ó kọ. Mo bá a wí síbẹ̀.

Ní ti ìwé ìpànìyàn, àwọn tó sọ nípa ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo ti dá púpọ̀ nínú wọn padà. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ èyí tí kò dára rọrùn. Mo máa ṣí i láàárín, n ó ka bí ojú ewé mẹ́wàá. Tí n kò bá rí nǹkan kan nípa ẹni tí wọ́n pa, tí ó jẹ́ apànìyàn àti ọ̀bẹ rẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé ń gbádùn, mo máa ń pa á dé.

Ti Alhaja yàtọ̀, nítorí ìpànìyàn inú rẹ̀ kan òun fúnra rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso. Wọ́n bá oníṣòwò kòkó kan níbi tí wọ́n pa á sí lójú ọ̀nà oko. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì yẹgi fún un. Ọ̀dọ́kùnrin náà ni ó bí bàbá Alhaja.

Bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Ó ṣì kéré nígbà tí ìbátan kan gbé e kúrò ní ìlú lọ sí Èkó, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, tí wọ́n sì ní kó má bèèrè. Ìgbà tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn ikú níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tó dárúkọ ìlú náà fún ọmọ rẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Alhaja wá ìlú náà nínú ìwé káàkiri, títí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi bá a rí èyí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ìwé àlòkù. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa ni ó kọ ọ́ nígbà ogbó rẹ̀.

Ìdí tí Alhaja fi ń wé e bí ọmọ wà nínú orí tí ó gbẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n pa oníṣòwò náà, ẹni méjì ló sọ pé àwọn rí ọ̀dọ́kùnrin yìí. Obìnrin kan rí i lójú ọ̀nà oko. Télọ̀ kan ní ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun nínú ìlú ní àkókò kan náà. Kóòtù gba ti obìnrin náà gbọ́. Òǹkọ̀wé wá sọ pé àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, nítorí ìbejì ni ọ̀dọ́kùnrin náà: èkejì rẹ̀ ló pànìyàn tí ó sì sá lọ, wọ́n wá yẹgi fún aláìṣẹ̀. Ẹ̀rí tí ó mú wá ni fótò àwọn méjèèjì, tí ó gba ojú ewé kan lódindi.

“Mummy, wọ́n pa aláìṣẹ̀ ni,” ni Alhaja wí. “Èmi kọ́ ló sọ ọ́. Ìwé ni.”

Ó ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sì ṣí yàrá ìkàwé náà fún gbogbo ènìyàn ní ìparí oṣù, ó fẹ́ kó àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wo ìwé náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àárín, kí ó wà ní ṣíṣí sí ojú ewé tí fótò náà wà. Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ló kù. Mo ní kó fi ìwé sílẹ̀ fún mi.

Bí mo ṣe máa ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé ni mo ṣe ń ka ìwé: mo máa ń wo ọ̀nà tí ó gbà kí n tó wo ìdáhùn. Èèpo rẹ̀ ti ya léjìká, ẹnì kan sì ti gbé ife lé ẹ̀yìn rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òwú ni wọ́n fi rán an, kò sí ewé kan tó jábọ́. Ẹni tó ń fi ìwé ṣòwò lè bèèrè bóyá ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni. Èmi máa ń bèèrè ibi tí òǹkọ̀wé ti rí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Níbẹ̀, ọkùnrin yìí gbìyànjú. Ó da ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí kọ láti inú ìwé kóòtù bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó sì sọ ibi tí ìwé kóòtù náà wà. Àwòrán ilẹ̀ tó yà bá èyí tí mo ní lọ́wọ́ mu. Ó dárúkọ oníṣòwò kòkó náà, ó sọ̀rọ̀ ìyàwó tí ó fi sílẹ̀ àti oyún inú rẹ̀. Níbi tí kò bá sì ti mọ nǹkan, ó máa ń kọ ọ́ pé òun kò mọ̀. Inú mi dùn sí i. Mo ti ń ro ibi tí a ó fi ìwé rẹ̀ sí.

Nígbà tí mo dé orí tí ó gbẹ̀yìn, n kò rí “n kò mọ̀” kankan mọ́. Ó ti rí ìdáhùn, ìdáhùn náà sì dùn mọ́ ọn.

Mo ṣí fótò náà. Ọ̀dọ́kùnrin méjì jókòó sórí àga méjì, fìlà kan náà, bùbá kan náà, ọwọ́ òsì lórí orúnkún, aṣọ olódòdó tí wọ́n ta sẹ́yìn wọn. Òǹkọ̀wé ní ara ògiri pálọ̀ kan ní ìlú náà ni òun ti rí i, àti pé wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi gbàgbé láti de bọ́tìnnì ọrùn kan náà. Mo mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ ara páálí oògùn, mo sì ń wò ó láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.

Ní ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì ẹni tó wà lápá kan, ewé gbígbẹ kan já síbẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ká wọlé díẹ̀. Mo sún awò náà lọ sápá kejì. Ewé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì ẹnì kejì, ṣóńṣó rẹ̀ ká wọlé díẹ̀. Mo gbé awò padà sókè, sára aṣọ olódòdó. Láàárín gbùngbùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí òdòdó kan ti gé sí méjì, tí ìdajì rẹ̀ kò sì bá ìdajì òdòdó tó tẹ̀ lé e mu.

Mo gbé awò náà kalẹ̀. Mo ti rí irú fótò bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà.

Ó wà nínú pálọ̀ ilé wa. Ìbejì ni ìyá mi, èkejì rẹ̀ sì kú nígbà tí wọ́n ń rá kòrò. Nígbà tí ìyá mi dàgbà tí ayafótò dé sí ìlú wa, ìyá tó bí i ní kò ní dá ya fótò. Ayafótò ya ìyá mi nìkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó bo apá kan bébà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún bo apá kejì, ó tún un tẹ̀. Ó di obìnrin méjì. Mo bi ìyá mi léèrè èwo ni òun nínú wọn. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Mo ní, èyí ńkọ́?

“Èkejì mi ni,” ni ó wí. “Ó yá ojú mi lò ni.”

Kò sí àlejò tó wọ pálọ̀ wa tí ọ̀rọ̀ yẹn rú lójú. A kì í ra nǹkan fún ọ̀kan nínú ìbejì kí a gbàgbé èkejì, ì báà ti lọ. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì yìí rí orí méjì, ó ka ènìyàn méjì. Ẹni tí ó ń lé kiri nínú orí tó gbẹ̀yìn, tí ó ní ó pa oníṣòwò tí ó sì sá lọ, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fótò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti sin tipẹ́.

Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ díẹ̀, mo fi ìborùn Alhaja bò ó. Tí mo bá ní ó dára tí mo sì dákẹ́, Alhaja máa dúró tì í níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àgbàlagbà kan tí irú fótò yìí wà nílé wọn rí máa wò ó gba inú gíláàsì, ó sì máa sọ̀rọ̀ sókè láìmọ ohun tó ń ṣe. Tí mo bá sì sọ ọ́, mo gba ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kó lè dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀ fún ọmọ. N kò rí ọ̀nà kẹta.

Èmi ni àgbà, òun ló yẹ kó wá bá mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ẹsẹ̀ ẹni la fi ń gbé e lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé rẹ̀ ní Brockley ní ọjọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé tíì wá, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá, ó ń bèèrè àlàáfíà orúnkún mi bí ẹni ń bèèrè ènìyàn. Mo ṣí ìwé náà, mo fún un ní awò, mo ní kó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

“Ewé ni,” ni ó wí.

“Ti ẹnì kejì ńkọ́?”

Ó sún awò náà lọ sápá kejì. “Ewé náà ni.”

“Ìbejì lè wọ aṣọ kan náà,” ni mo wí. “Wọ́n lè gbàgbé bọ́tìnnì kan náà. Ṣùgbọ́n ewé kan kì í já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo sọ ti fótò ìyá mi fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Mo wá fẹ́ ṣàlàyé pé èyí kò fi hàn pé bàbá bàbá rẹ̀ jẹ̀bi, pé ohun tí mo sọ kò ju pé ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà kò dé ibi tó ní ó dé. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ̀yin tíṣà,” ni ó wí, “ẹ ò lè rí iṣẹ́ ẹlòmíì kí ẹ má fa ìlà pupa sí i.”

Kò pariwo. Ó ṣáà sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ọmọ òun wà níléèwé níbí, tí olùkọ́ ní kí wọ́n ya ìdílé wọn bí igi, òun máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀ka yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ìwé yìí ló jẹ́ kí òun lè dí i. Mo ní ó yé mi. Ó ní kò yé mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún un tí mo dìde, ó sìn mí dé ibùdókọ̀, ó di apá mi mú níbi tí títì ti ga, ó sì dúró títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù mi kò dún. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò dún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bi mí nípa ìwé Alhaja, mo ní n kò tíì kà á tán. N kò pè é. Ẹni tí a bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni àkókò tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù parí nígbà tó kan ilẹ̀kùn mi. Ìwé náà wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò sí ìborùn, kò sí ọ̀rá. Ó jókòó, ó ní òun ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yìí wá, orí tó gbẹ̀yìn nìkan ni òun ń kà. Ó ní òun sì ti pe ìlú.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ ìlú náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Alhaja ti gba nọ́ńbà ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú agbo ilé wọn. Ìyá náà bi í pé ọmọ ta ni. Nígbà tó sọ ọ́, ìyá náà ní kó tún un sọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì ilé wọn tí ẹnikẹ́ni kò kì fún un rí láyé. Alhaja ní òun kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, òun ṣáà ń ṣe “ẹ ṣé, mà” bí òmùgọ̀.

Ó bèèrè ọ̀rọ̀ ìbejì. Ìyá náà ní èkejì kò hu eyín kó tó lọ. Fótò náà wà lára ògiri títí òyìnbó kan fi wá yá a. Ó ní kí Alhaja bá òun bi í léèrè ìgbà tí yóò dá a padà.

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ó ní òun tún bi ìyá náà bóyá bàbá bàbá òun ṣe é. Ìyá náà dáhùn pé àwọn kò gbọ́ pé ó ṣe é, àwọn kò sì gbọ́ pé kò ṣe é. Ohun tí àwọn gbọ́ ni pé wọ́n mú un lọ. Alhaja wá kọjú sí mi.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Mummy? Ẹ ti ka ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Ṣé ó ṣe é?”

“N kò mọ̀,” ni mo wí.

Mo fi ibẹ̀ hàn án nínú ìwé. Obìnrin náà rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà oko nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Télọ̀ rí i ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú wọn ṣe àṣìṣe, tàbí ó purọ́. Kò sẹ́ni tó bi télọ̀ ní ìbéèrè kejì. Òǹkọ̀wé fi ìbejì bo ihò náà mọ́lẹ̀. Ní báyìí ihò náà ti ṣí padà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa aláìṣẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣìṣe.

Ó ronú sí i. “Ó kéré sí èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀,” ni ó wí.

“Ó kéré. Ṣùgbọ́n kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ó bi mí bóyá n ó dá ìwé náà padà fún òun pẹ̀lú ọpẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní rárá o, a ó tọ́jú rẹ̀. A kò mọ ibòmíràn tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ télọ̀ náà kà ní Peckham. Fótò náà sì wà níbẹ̀, tí ìlú kò ní mọ́. Ìwé tó bá ṣìnà, a lè tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ń tan ènìyàn jẹ ni mo máa ń dá padà. Mo ní n ó tẹ àlàyé sórí bébà kan, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn èèpo rẹ̀.

Ó fara mọ́ ọn, ó sì ní òun ṣì fẹ́ kí ó wà ní ṣíṣí sí ojú ewé fótò náà. Ó wá fọwọ́ lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pe ẹni ti apá òsì ní ẹni tí wọ́n yẹgi fún, ó sì pe ẹni ti apá ọ̀tún ní apànìyàn.

“Ẹni tó bá wò ó gba inú gíláàsì,” ni Alhaja wí, “kò ní rí bébà yín tó wà lẹ́yìn èèpo.”

Kò ní kí n jẹ́ kí òun kọ nǹkan síbẹ̀. Ó mọ òfin mi, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá bàbá oníbáírò wí.

Mo dìde, mo lọ sí dúróà, mo mú pẹ́ńsùlù kan, mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, mo nà án sí i.

Mo rò pé yóò fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì rọra kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó yá ojú lò: Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó sún pẹ́ńsùlù náà lọ sábẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kúrò láìkọ nǹkan kan, ó sì dá pẹ́ńsùlù náà padà fún mi.

Mo wo ohun tí ó kọ. N kò rí ohun tí mo máa tún ṣe níbẹ̀.